Àmín Tí Mo Ṣe ní Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó ní àwíjàre. Òtútù ń mú un, èdè wọn kò yé e, àwọ̀ rẹ̀ kò jọ tiwọn. Bó bá pe ilé tó ń sunkún, gbogbo ènìyàn á ní kó fara dà á. Èmi ò ní àwíjàre kankan. Kétu ni wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, Ìkòròdú sì ni mo bá iṣẹ́ wá. Oòrùn kan náà ló ń pa wá. Yorùbá ni màmá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ ní Ìgbògbò, níbi tí ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu nínú ilé yẹn, ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Ohun tí mo béèrè kò ju ibi tí mo ti lè fi iná sí pọ́tábù mi lọ. Dámi, ọmọbìnrin ilé náà, wo màmá rẹ̀.

"Mọ́mì, kí ni wọ́n ń pè ní pọ́tábù?"

Mo gbé fóònù mi sókè. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò fi mí ṣẹ̀sín o. Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀ ni wọ́n rín mi, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí. Bí ènìyàn bá fi ọ́ ṣẹ̀sín, o lè bínú. Kí lo máa ṣe fún ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dùn ún gbọ́?

Àwọn tó ń ṣọ́ géètì ẹ́sítéètì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Kutonu. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé Kutonu láyé mi, mo sì sọnù níbẹ̀. Lọ́jà, tí mo bá ti sọ gbólóhùn kan, ìyá tó ń ta ata á ní, "Ègùn ni ẹ́, àbí?" Màá ní rárá, Yorùbá ni mí. Á tún wò mí, á ní, "Yorùbá ibo?" Nígbà tó yá, ìka ni mo ń nà sí ohun tí mo fẹ́ rà. Ènìyàn lè di odi nínú èdè ara rẹ̀. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Mọ́mì Dámi ni gbogbo ẹ́sítéètì ń pe ọ̀gá mi. Ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní Ìkẹjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá. Èmi ni mo ń se oúnjẹ, tí mo ń fọ aṣọ, tí mo ń tọ́jú ilé. Wọn ò fi ìyà jẹ mí. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, wọ́n sì yọ̀ǹda ọjọ́ Jímọ̀ fún mi nítorí ìrun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni màmá mi máa ń pè mí. Wọ́n á yá fóònù ọmọ aládùúgbò, kí a lè máa rí ojú ara wa. Iwájú orí wọn nìkan ni mo máa ń rí, torí wọn ò mọ bí a ṣe ń gbé e dúró. Wọ́n á ròyìn ewúrẹ́ tó bímọ, wọ́n á ròyìn òjò. Lẹ́yìn náà wọ́n á béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń pè ọ́ ní orúkọ rẹ níbẹ̀?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni.

*

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé kẹ̀kẹ́ wọ ilé wa. Dókítà sọ fún Mọ́mì Dámi pé ìjókòó wọn ti pọ̀ jù, kí wọ́n wá nǹkan kan ṣe. Wọ́n ra básíkù tòkunbọ̀ méjì, ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún ọkọ wọn. Ọkọ wọn dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó padà síbi iṣẹ́. Àwọn nìkan wá ń gun tiwọn yí ẹ́sítéètì ká ní àràárọ̀ Sátidé, wọ́n ń mì bí ẹni tó ru omi tó kún.

Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣubú níwájú ilé. Mo sáré gbé wọn dìde, mo sì gun kẹ̀kẹ́ náà padà sí abẹ́ ìbòòji láì ronú. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.

"O mọ̀ ọ́n gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òun ni mo fi ń kó gààrí láti oko lọ sí ọjà, nílé."

"Ó dára. Gbé ti Dádì Dámi. Jẹ́ ká jọ máa lọ. Ojú ń tì mí láti máa dá nìkan ṣubú."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ayọ̀ tí mo ní kò ṣeé sọ. Láti ìgbà tí mo ti dé, orí ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ti béèrè ibi tí mo ti wá. Ẹsẹ̀ kì í ní ohùn àjèjì.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ nípa ẹgbẹ́ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ wà, dókítà eyín kan wà. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń darí wọn, Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Àárọ̀ Sátidé tí a máa kọ́kọ́ bá wọn lọ, Mọ́mì Dámi dúró lójijì kí a tó dé ibi ìpàdé. Wọ́n tún okùn akoto orí wọn so.

"Tí wọ́n bá bi wá, àbúrò mi ni ẹ́. O gbọ́? Kí a má bàa máa ṣe àlàyé káàkiri."

"Mo gbọ́, mà."

"Má sì sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú mi dùn? Ohun tí mo ń tijú rẹ̀ jùlọ títí dòní nìyẹn. Mi ò rí i bí ìwọ̀sí. Mo rí i bí aṣọ tuntun tí ẹnì kan wọ̀ fún mi.

*

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ kò mọ̀ pé òkè wà lójú ọ̀nà náà. Ẹsẹ̀ ló máa ń sọ fún ènìyàn. Lẹ́yìn Ìtòìkín, tí a ti rékọjá afárá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gòkè. Igi ọ̀pẹ wà lọ́tùn-ún lósì. Èéfín àwọn tó ń dín gààrí ń fẹ́ kọjá lójú títì, mo sì ń fa òórùn rẹ̀ símú bí ẹni tí ebi ń pa. Tí a bá gun òkè kan dé orí, atẹ́gùn ọ̀sà á fẹ́ sí wa lójú kí a tó rí omi rárá. Nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, aṣọ á máa lu wá lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀.

Mo wọ ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù alápá gígùn, mo sì dé akoto lé ìborùn mi. Àwọn ọmọdé ojú ọ̀nà ń kígbe pé, "Ẹ wo Àlàájà oníkẹ̀kẹ́!" Mo ń juwọ́ sí wọn.

Ní òkè tó le jù, kí a tó wọ Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ Mọ́mì Dámi kọ̀. Mo sún mọ́ wọn, mo gbé ọwọ́ kan lé wọn lẹ́yìn, mo ń tì wọ́n lọ bí a ṣe jọ ń gun kẹ̀kẹ́. Òógùn wọn ti rin ẹ̀wù. Mo ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Kóòṣì wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Ọmọ ìyá dára o!" Gbogbo wọn patẹ́wọ́. Mọ́mì Dámi ò wo ojú mi. Èmi náà ò wo tiwọn.

Ilé màmá Kóòṣì ni ẹgbẹ́ náà ti máa ń sinmi, ilé àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Àlàájà ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá náà. Wọ́n ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n ojú wọn mú. Ọsàn bíbó ti wà nínú abọ́ fún wa. Wọ́n kí gbogbo wa, wọ́n wá rí ìborùn lábẹ́ akoto mi, inú wọn dùn. Wọ́n fà mí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ, ṣé ọmọ ìyá kan náà ni yín?"

Mọ́mì Dámi ló dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Inú kan náà ni."

"Màmá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí, mà. Ó ti ṣe díẹ̀."

Òtítọ́ ni Mọ́mì Dámi sọ. Màmá tiwọn ti kú lóòótọ́. Àlàájà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Á fẹ sàréè wọn lójú. Á fi Alijánnà ṣe ilé fún wọn."

"Àmín," ni mo wí.

Mi ò sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu. Mo sọ ọ́ síta, mo fi ọwọ́ pa ojú, bí màmá mi ṣe kọ́ mi. Àmín tèmi ló ròkè jù nínú ilé náà.

Àlàájà kọjú sí mi. "Kí lorúkọ wọn, kí n lè máa dárúkọ wọn nínú àdúrà?"

Mọ́mì Dámi ti ya ẹnu láti dáhùn. Mo mọ orúkọ màmá wọn, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò wọn ní pálọ̀ tí mo ń nù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni Àlàájà bi, orúkọ ìyá kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu mi.

"Rábíátù," ni mo wí.

"Rábíátù. Orúkọ tó dára."

Mo jẹ ọsàn tí wọ́n fún mi tán. Mo tún jẹ òmíràn.

*

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Mọ́mì Dámi béèrè pé ta ni Rábíátù. Mo ní màmá mi ni. Wọ́n gba iwájú mi lọ títí a fi dé Ìgbògbò.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, màmá mi pè bí wọ́n ṣe máa ń pè. Iwájú orí wọn yọ lójú fóònù. Wọ́n ń wúkọ́.

"Kí ló ń ṣe yín, mà?"

"Kò sí nǹkan. Ikọ́ lásán ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́ yìí."

Mo mọ̀ pé èéfín ìdáná máa ń fa ikọ́, mo mọ̀ pé ọyẹ́ máa ń fà á. Ṣùgbọ́n wákàtí yẹn gan-an ni wọ́n ń kírun tán ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ń rí ìyá àgbàlagbà kan lójú ọkàn mi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń tọrọ àforíjì fún òkú Rábíátù. Ta ló rán an? Èmi ni. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn mi ò lè jẹun dáadáa. Tí mo bá ń lọ aṣọ, tí mo bá ń gbálẹ̀, Àmín yẹn á máa padà wá sí mi létí. Ìtìjú pọ̀ ju ìbẹ̀rù lọ. Ìbẹ̀rù ń béèrè bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀. Ìtìjú mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Mo ti máa ń rò pé àwọn ará ibí ni kò jẹ́ kí n jẹ́ ara wọn. Mo ti ń kà á sí wọn lọ́rùn: ẹ̀rín wọn, "Yorùbá ibo?" wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sọ fún mi pé kí n sin màmá mi kí n tó rí àyè jókòó.

Mo bá Mọ́mì Dámi nínú ilé ìdáná nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́la, láti lọ sọ òtítọ́ fún Àlàájà.

Wọ́n gbé ṣíbí ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú Kóòṣì ni?"

"Rárá, mà."

"Àdúrà lásán ni ìyá yẹn ṣe. Wọ́n ti gbàgbé."

"Bóyá wọ́n ti gbàgbé, mà. Màmá mi ń wúkọ́."

Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Mi ò torí pé mò ń tijú ẹ ṣe é o. Mo kàn ń tijú ara mi ni, pé n ò lè dá kẹ̀kẹ́ gùn láì mú ọmọ ọ̀dọ̀ dání." Wọ́n bá jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè mí ní ọmọ ọ̀dọ̀ lójú mi nìyẹn. Mo ti mọ̀ pé òun ni mí. Ó ṣì gún mi.

*

Mi ò wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ ìbá tètè gbé mi dé, mo sì fẹ́ kí ọ̀nà náà gùn. Mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo gba ojú títì lọ.

Òjò mú mi lẹ́yìn Ìtòìkín. Ọkọ̀ tó ń kó yanrìn kọjá, ó da ẹrẹ̀ bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Awakọ̀ náà yọrí síta, ó kígbe pé, "Sister, sorry o!" ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹgbẹ́ níwájú mi tí mo lè sá sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa lù mí. Òkè tí mo ti ń fi ọwọ́ kan ti ẹlòmíràn gùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mi ò lè dá a gùn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ń ti kẹ̀kẹ́ lọ nínú òjò, omi ń ṣàn wá bá mi láti òkè, bàtà mi kún. Obìnrin kan tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ pè mí pé kí n wá yà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo ń kánjú. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ohùn Kétu látòkè délẹ̀. Kò bi mí ní ibi tí mo ti wá. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ o, màmá." Mo sunkún díẹ̀. Òjò ò jẹ́ kó hàn.

Òjò ti dá nígbà tí mo dé. Mo rí èéfín níwájú ilé Àlàájà. Wọ́n jókòó ti agbada epo lórí àpótí, wọ́n ń dín àkàrà, àwọn ọmọ àdúgbò sì tò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Àlàájà gbójú sókè, wọ́n rí mi pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ ara mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ah, ìwọ ni! Ọlọ́run ló rán ẹ wá. Wá jókòó. Sàráà màmá ẹ là ń ṣe."

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, nínú omi, kẹ̀kẹ́ náà ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ má bínú, mà. Màmá mi ò tíì kú."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n wà láàyè, mà. Kétu ni wọ́n wà. Àwọn tí a jọ wá kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ni."

Epo ń hó. Àlàájà yí àkàrà inú rẹ̀ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn jáde kí wọ́n má bàa jóná, wọ́n dá òmíràn sí i. Àwọn ọmọ náà ò jẹun mọ́, wọ́n ń wò wá.

"Àwọn ọmọ yìí ti jẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti ní kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ta ló ní kí o purọ́?"

"Kò sẹ́ni, mà. Ojú ló ń tì mí, nítorí ibi tí mo ti wá."

Inú bí Àlàájà. "Ojú ń tì ẹ́? Wò ó, ilé tí o kúnlẹ̀ sí iwájú ẹ̀ yìí, ará Èkó ni wọ́n ń pè wá nínú ẹ̀ títí dòní. Wọ́n lé àwọn baba wa kúrò ní Èkó, wọ́n wá dó síbí. Bàbá tó bí bàbá mi, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, ará Èkó náà ni wọ́n pè é títí ó fi kú. Ojú tì wá rí. Ta ni ojú kì í tì? Àmọ́ n ò torí ẹ̀ gbé ìyá mi sínú sàréè láàyè."

Wọ́n na ìka sí fóònù tó wà lápò mi.

"Pè é," ni wọ́n wí.

"Mà?"

"Pe Rábíátù. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tí mò ń ṣe sàráà fún."

Mo pè wọ́n. Àlàájà gba fóònù náà lọ́wọ́ mi nígbà tó ń dún. Iwájú orí màmá mi yọ. Àlàájà wò ó.

"Ṣé ẹ̀yin ni Rábíátù?"

"Èmi ni. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ọmọ mi dà?"

"Ọmọ yín wà níbí, àlàáfíà ló wà. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí mi o, mo ti ń tọrọ àforíjì fún òkú yín láti Jímọ̀ tó kọjá. Mo tún dín àkàrà sí i lónìí. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ ti kú."

Mo gbọ́ àkùkọ kan tó kọ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún.

"Ta ló sọ ọ́?"

Àlàájà na fóònù náà sí mi. Mo ní, "Èmi ni, mà."

Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn tó di ikọ́. "Ẹni tí wọ́n bá pa irọ́ ikú mọ́, á pẹ́ láyé," ni wọ́n wí. "Gbé fóònù fún ìyá yẹn. Ìyá, ṣé ẹ fi edé sí àkàrà náà?"

"Mo fi edé sí i o! Edé ọ̀sà!"

"Ó dáa. Ǹ bá kà á sí yín lọ́rùn tí ẹ bá ṣe tèmi láìsí edé."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ nǹkan mìíràn nínú ohùn màmá mi. Nígbà tí fóònù padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní ewúrẹ́ kan ti ń wọ oko olóko, kí n jẹ́ kí àwọn lọ lé e. Wọn ò ṣàdúrà fún mi kí wọ́n tó pa fóònù, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ìgbà kan tí a sọ̀rọ̀ tán tí wọn ò ṣàdúrà. Mo sọ fún ara mi pé ewúrẹ́ náà ni.

*

Àlàájà sọ fún ọmọ wọn, bó ṣe yẹ. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kí a tó gbéra, Kóòṣì wò wá. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, Mọ́mì Dámi ṣí akoto kúrò lórí.

"Irọ́ ni mo pa fún gbogbo yín. Kì í ṣe àbúrò mi. Wọ́n ń bá mi ṣiṣẹ́ nílé."

Mo gbọ́ "wọ́n" yẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, "ó" ni mo jẹ́ lẹ́nu wọn. Ẹnikẹ́ni ò bú wa. Dókítà eyín ní kò burú, ṣé ọ̀rọ̀ rèé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dúró sinmi ní Ìtòìkín, ọkùnrin báǹkì kan tó ti máa ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ na ike omi rẹ̀ sí mi. "Jọ̀ọ́, bá mi bu omi sí i." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbà á. Mo bu omi náà, mo gbé e padà fún un, ojú mi gbóná. Ohun tí òtítọ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ní òkè tó wọ Ẹ̀pẹ́, mo kọjá lára ọkùnrin báǹkì náà. Mo kọjá lára Kóòṣì náà. Mo dé orí òkè ṣáájú gbogbo wọn, mo rí ọ̀sà, mo dúró de Mọ́mì Dámi. Wọ́n gun òkè náà fúnra wọn lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bú òkè náà ní gbogbo orúkọ tí wọ́n mọ̀.

Mo ṣì wà ní Ìgbògbò. Mo ti ń fi ẹnu mi ra ata. Tí wọ́n bá ní "Yorùbá ibo?", màá ní Kétu, màá sì dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín wọn tán. Ojú ṣì ń tì mí. Ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe nítorí Kétu mọ́.

Ohun tí mi ò retí ni pé àwọn ìyá méjèèjì di ọ̀rẹ́. Àlàájà gba nọ́ńbà ọmọ aládùúgbò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ń pe ara wọn láìbi mí. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí mo gbé ọsàn mì tán ní ilé Àlàájà, wọ́n bi mí bóyá ojú màmá mi ti ń ríran dáadáa báyìí.

"Ojú wo, mà?"

"Ojú ọ̀tún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. O ò gbọ́ ni?"

Mi ò gbọ́. Mo pe màmá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò dúró de Jímọ̀. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún mi.

"Àh, mo rò pé mo ti kú lọ́dọ̀ rẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù náà jìnnà díẹ̀ kí n lè rí ojú wọn. Wọ́n gbé e jìnnà. Ojú ọ̀tún náà pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó là. Mo ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ojú náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sìn wọ́n lọ, ohun tí dókítà wí, bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Mo ní mo ń gbọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ìrẹsì ń jóná lórí iná lẹ́yìn mi, Mọ́mì Dámi ń pè mí láti pálọ̀. Mi ò dá màmá mi dúró.